Ìyá mi ti ń falẹ̀: ṣé kòkòrò HIV ni, àbí ọjọ́ orí, àbí oògùn?

Àbígbẹ̀yìnÌyá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti ká mi lára.

Ẹni ọdún 68 ni ìyá mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń lo oògùn kòkòrò HIV, wọn kì í sì í fi oògùn wọn ṣeré rárá. Láti bí ọdún mẹ́wàá, gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe, kòkòrò náà kì í hàn nínú ẹ̀jẹ̀ wọn mọ́. Nínú àwa ọmọ, èmi nìkan ni mo mọ̀ nípa rẹ̀.

Ó ti tó ọdún kan ààbọ̀ báyìí tí mo ti ń rí i pé nǹkan kan ń yí padà. Kì í ṣe pé wọn ò mọ orúkọ wa mọ́ o. Ohun tí mo ń rí ni pé wọ́n ti falẹ̀. Tí a bá bi wọ́n ní nǹkan, ìdáhùn á pẹ́ kó tó jáde, bí ẹni pé wọ́n lọ gbé e wá láti yàrá kejì. Ìṣirò owó, tó jẹ́ àwọn gan-an ni wọ́n kọ́ mi, ti ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ méjì, wọn ò ní parí ọ̀kan. Aṣọ tí wọ́n máa ń fọwọ́ rán lálẹ́, wọ́n ti pa á tì. Wọ́n ní ojú ló ń dun àwọn, àmọ́ ojú kọ́.

Dókítà tí mo bi léèrè kàn rẹ́rìn-ín ni: “Àgbà ti dé sí Mama, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi.” Ṣé ọjọ́ orí náà ni lóòótọ́? Àbí kòkòrò yẹn ti gun orí lọ? Àbí oògùn ogún ọdún ló ń jà? Ẹ gbà mí o.

Olóyè_Kékeré

Ẹ pẹ̀lẹ́ ma. Oògùn yẹn ni mo fura sí. Ogún ọdún kì í ṣe ọjọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí Mama dá a dúró fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n fi egbòogi fọ ara wọn mọ́. Ẹ ó rí i pé orí wọn á já gaara.

Nọ́ọ̀sìÀná

Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ìmọ̀ràn yẹn rẹ́ tó bá ṣeé pa rẹ́.

Wọ́n ti dán ohun tí ẹ sọ yìí wò rí. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ń pè ní SMART, 2006 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Àwọn tó wọ inú rẹ̀ lé ní 5,400. Wọ́n ní kí apá kan máa lo oògùn lọ láìdáwọ́ dúró, kí apá kejì máa dá tiwọn dúró nígbà tí sójà ara wọn (àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àìsàn jà) bá pọ̀ tó, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá já wálẹ̀. Àwọn tó ń dá a dúró yẹn ni ikú àti àìsàn mú jù. Kódà àìsàn ọkàn àti ti kíndìnrín, tí gbogbo wa rò pé oògùn ló ń fà á, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dá oògùn dúró ló ti pọ̀ jù. Wọ́n fòpin sí gbígba èèyàn sínú ìwádìí náà kí àsìkò rẹ̀ tó pé.

Ní ti ọpọlọ, ẹ bi èmi. Mo ti ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn mẹ́ta pa pọ̀ ní 1996. Mo rí ọmọ ọgbọ̀n ọdún tí kò lè de bọ́tìnnì ara rẹ̀ mọ́, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí arúgbó, tó lè jókòó láti àárọ̀ di alẹ́ kó má sọ gbólóhùn kan. Láti 1986 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ti ṣàpèjúwe àìsàn yẹn. Oògùn yìí kan náà tí ẹ ní kí Mama dá dúró ló sọ ọ́ di ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì ìsinsìnyí kì í fi bẹ́ẹ̀ rí mọ́. Inú á bí mi tí ẹnikẹ́ni bá tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ pè é padà.

Olóyè_Kékeré

Mo ti gbọ́ o, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Àbígbẹ̀yìnÌyá

Ẹ ṣé ma. Ẹ fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó tó láti ní kí ìyá mi fi oògùn wọn sílẹ̀. Wọ́n lè gbàgbé oúnjẹ, wọn ò ní gbàgbé oògùn.

Ẹni63

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú Mama.

Èmi náà ń gbé pẹ̀lú kòkòrò yìí. 1999 ni mo mọ̀, ìgbà yẹn CD4 mi ti já sí 41. (Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: CD4 ni wọ́n fi ń ka sójà ara. Ti ẹni tára rẹ̀ le sábà máa ń ju 500 lọ.) Lónìí ó ti lé ní 600, kòkòrò kì í sì í hàn. Mo gbà pé ogun ti parí.

Ibi iṣẹ́ ni mo ti kọ́kọ́ fura. Tí èèyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò ní gbọ́ ti ẹnì kankan. Kí n tó ronú kan ohun tí mo fẹ́ sọ, wọ́n á ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tó yá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ẹnì kan lójú ọ̀nà, nítorí mo rí i, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi ló pẹ́ kó tó gbọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fún ìyàwó mi.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo mọ̀. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ẹni tó ń ṣarán kì í mọ̀ pé òun ń ṣarán. Èmi mọ̀, mo ń wo ara mi bí ẹni ń wo àlejò.

Dókítà tó yẹ̀ mí wò sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò gbàgbé (ẹ rí i, àwọn nǹkan kan ṣì ń dúró). Ó ní CD4 tòní kọ́ lòun kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀, ibi tó já sí jù láyé mi lòun ń wá. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti já wálẹ̀ gan-an rí kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, ó ṣeé ṣe kí ọpọlọ rẹ̀ ti gba ọgbẹ́ nígbà yẹn. Ọgbẹ́ náà ti jinná, àpá ló kù. Ẹ wo ìwé àtijọ́ Mama, eélòó ni tiwọn ní ìbẹ̀rẹ̀?

Àbígbẹ̀yìnÌyá

Mo wá káàdì wọn àtijọ́ rí nínú àpótí. 88 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bàbá, ọ̀rọ̀ yín gún mi lọ́kàn. Ìyá mi náà ń wo ara wọn bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń purọ́ pé ojú ni.

Akẹ́kọ̀ọ́Ọpọlọ

Ẹ kú àṣàrò. Ìmọ̀ ọpọlọ ni mo ń kọ́ ní yunifásítì, mi ò tíì di dókítà o, ẹ má bá mi dé ilé ẹjọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe ń rí nínú agbárí.

Kòkòrò HIV kì í pẹ́ kó tó dé ọpọlọ. Wọ́n ti rí i nínú omi tó yí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ká láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ péré tí ẹnì kan kó o. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń gba ojúbodè ọpọlọ kọjá ló ń gbé e wọlé. Síbẹ̀, kì í wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí a fi ń ronú gan-an. Àwọn ọlọ́dẹ ló máa ń mú, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ọpọlọ, tó ń kó ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò. Ọlọ́dẹ tó ti bàjẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn nínú ilé tí wọ́n ní kó máa ṣọ́: á máa tú oríṣiríṣi májèlé síta, ara àwọn sẹ́ẹ̀lì tí a fi ń ronú ni gbogbo rẹ̀ sì ń bà.

Oògùn ń dá kòkòrò dúró kó má bí sí i, àmọ́ kì í hú u tán. Àwọn ọlọ́dẹ kan ṣì ń gbé e sápò. Ìyẹn ló fà á tí ara ẹni tí kòkòrò rẹ̀ ò hàn mọ́ fi lè máa gbóná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́lẹ̀ (kì í ṣe ibà o, ara ló ń bá kòkòrò jà) fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí iná tí wọ́n fi eérú bò.

Apá ibi tó ń kàn jù ni ìsàlẹ̀ ọpọlọ tó jinlẹ̀, níbi tó ń bójú tó yíyára àti ṣíṣe nǹkan létòlétò, pẹ̀lú àwọn okùn funfun tó ń gbé ìròyìn láti apá kan dé èkejì. Ìdí nìyẹn tí ohun tí Àbígbẹ̀yìn kọ fi jọ mí lójú gan-an: “bí ẹni pé wọ́n lọ gbé e wá láti yàrá kejì.” Nínú àìsàn Alzheimer (àrùn ìgbàgbé tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn àgbà), ọ̀rọ̀ tuntun kì í wọ ibi ìpamọ́ rárá, ẹ rán an létí títí, kò ní rántí. Nínú ti HIV, ó sábà máa ń wà níbẹ̀, yíyọ ọ́ jáde ló nira. Ẹ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ tọ́ka rẹ̀, á bọ́ síta.

Àmọ́ ẹni ọdún 68 lè ní méjèèjì. Ẹ má fi ohun tí mo kọ yìí dájọ́ nílé.

Aláròyé

Mo kà á níbì kan pé ìdajì gbogbo àwọn tó ní HIV ni ọpọlọ wọn ti bàjẹ́. Ìdajì! Kí ló dé tí wọn ò sọ fún wa?

Akẹ́kọ̀ọ́Ọpọlọ

Mo mọ ibi tí ìdajì yẹn ti wá. Ìwádìí CHARTER ní Amẹ́ríkà ni, ó jáde ní 2010, èèyàn 1,555 ni wọ́n yẹ̀ wò. Ìdíwọ̀n tí wọ́n lò, 2007 ni wọ́n gbé e kalẹ̀, ó sì pín ọ̀rọ̀ náà sí ipele mẹ́ta: àwọn tí kò ṣe dáadáa nínú ìdánwò ṣùgbọ́n tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n nínú ìgbé ayé wọn, àwọn tí ó ti ń dí ìgbé ayé wọn lọ́wọ́ díẹ̀, àti àwọn tí tiwọn ti di àrùn ìgbàgbé gidi. Nígbà tí wọ́n yọ àwọn tí àìsàn mìíràn ń da ọpọlọ wọn láàmú kúrò, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́ 33 nínú ọgọ́rùn-ún, èkejì 12, ẹ̀kẹta 2 péré.

Nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú “ìdajì” yẹn ń lọ sí ibi iṣẹ́, wọ́n ń tọ́mọ, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni rí lára wọn. Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé ìdíwọ̀n kan náà á mú bí ẹnì kan nínú márùn-ún lára àwọn tí kò ní HIV rárá. Ẹni tí kò kàwé púpọ̀, ẹni tí kò sùn tó lóru ọjọ́ ìdánwò, ẹni tí wọ́n fi èdè tí kì í ṣe tirẹ̀ bi léèrè, gbogbo wọn á bọ́ sínú àwọ̀n yẹn. Ní 2023, àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè gbé ìmọ̀ràn tuntun jáde pé kí wọ́n yéé fi máàkì ìdánwò nìkan so orúkọ àìsàn mọ́ èèyàn lọ́rùn. Wọ́n ní kí wọ́n ya àìsàn tí HIV gan-an fà sọ́tọ̀ kúrò lára gbogbo nǹkan mìíràn tó lè mú kí ẹni tó ní HIV máa gbàgbé. Tẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó sínú àpò kan.

Aláròyé

Ó dáa. Ṣùgbọ́n ṣé òótọ́ ni pé ọpọlọ wọn ń yára gbó ju tiwa lọ?

Akẹ́kọ̀ọ́Ọpọlọ

Àwọn kan ní ilẹ̀ Yúróòpù ya àwòrán ọpọlọ àwọn tó ń lo oògùn wọn dáadáa, wọ́n sì ní kí kọ̀ǹpútà fi àwòrán náà mọ ọjọ́ orí ẹni tó ni ín. Ó fi bí ọdún méjì kún ọjọ́ orí wọn gan-an. Nígbà tí wọ́n padà yà á lẹ́yìn ọdún méjì, àlàfo yẹn ò fẹ̀ sí i ju ti àwọn tí kò ní kòkòrò lọ. Tèmi ni pé ó jọ ohun tí Ẹni63 sọ nípa àpá. Ọgbẹ́ àtijọ́ ni, kì í ṣe iná tó ń jó lọ ràì.

Ẹni63

Ẹ gbà mí láyè kí n sunkún díẹ̀. Láti ọdún mẹ́rin ni mo ti ń dúró de ọjọ́ tí mi ò ní mọ ọmọ mi mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi rí.

Nọ́ọ̀sìÀná

Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ sunkún yín.

Apoògùn_Ìdákẹ́jẹ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àná, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Àbígbẹ̀yìn, kí gan-an ni Mama ń gbé mì? Mi ò sọ pé oògùn HIV nìkan. Gbogbo ohun tó bá gba ọ̀nà ọ̀fun wọn kọjá: ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ìrora, ti oorun, ti ara yíyún, èyí tí ọ̀rẹ́ fún wọn. Ẹ tú báàgì wọn sílẹ̀, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ síbí.

Àbígbẹ̀yìnÌyá

Mo tú u, Mama ń fojú burúkú wò mí bí mo ṣe ń tú u. 

Oògùn HIV: atazanavir pẹ̀lú ritonavir, àti èyí tó ní oògùn méjì nínú hóró kan. Oògùn ipele kejì ni wọ́n ń lò láti nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án.
Amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru.
Diazepam lálálẹ́ fún oorun. Dókítà mìíràn ló kọ ìyẹn, níbi tí wọ́n ti ń gba ìtọ́jú eékún. Ó ti lé ní ọdún kan ààbọ̀.
Chlorphenamine, nítorí ara máa ń yún wọn. Fúnra wọn ni wọ́n ń rà á.

Apoògùn_Ìdákẹ́jẹ́

Ṣé dókítà tó kọ diazepam mọ̀ pé wọ́n ń lo ritonavir?

Àbígbẹ̀yìnÌyá

Rárá. Mama ò sọ. Wọn kì í sọ ọ́ níbòmíì àyàfi kíníìkì tiwọn.

Apoògùn_Ìdákẹ́jẹ́

Ibẹ̀ ni mo ń lọ.

Iṣẹ́ tí ritonavir ń ṣe nínú oògùn yẹn ni pé ó ń so ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́, kó má baà yára tú atazanavir palẹ̀. Kì í mọ̀ pé atazanavir nìkan ni wọ́n ní kó ṣe fún. Ọ̀pọ̀ oògùn mìíràn tó yẹ kí ẹ̀dọ̀ tú palẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ á máa dúró pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, á sì máa gun orí ara wọn. Diazepam wà lára wọn. Nínú ara àgbàlagbà, diazepam nìkan ti máa ń pẹ́ kó tó kúrò. Tí ritonavir bá tún ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, hóró kan alẹ́ lè máa ṣe bí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá fi máa di òpin oṣù. Ẹ wá fi chlorphenamine lé e, irú oògùn tó ń dí ohun tí ọpọlọ fi ń rántí nǹkan lọ́wọ́. Wọ́n ti kìlọ̀ pé kí àwọn àgbà yàgò fún irú rẹ̀. Amlodipine náà lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ nítorí ìdí kan náà, kí ẹ̀jẹ̀ wá lọ sílẹ̀ jù, kí orí máa fò wọ́n.

Mi ò sọ pé òun nìkan ló fà á. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ diazepam, kí ẹ wo ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé wọ́n falẹ̀.

Ẹ JỌ̀Ọ́, ẹ má já diazepam gbà lọ́wọ́ wọn lálẹ́ òní. Ẹni tó bá ti lò ó ju ọdún kan lọ, tó bá dá a dúró lójijì, gìrì lè mú un. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, lábẹ́ ojú dókítà.

Àbígbẹ̀yìnÌyá

Oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ diazepam ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Awo_Ilé

Ẹ má bínú o, èmi ò fara mọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Ẹ ń sọ pé kí Mama máa sọ ipò wọn fún gbogbo dókítà eékún àti dókítà ojú? Ẹ ò mọ ohun tí àwọn èèyàn ti fojú rí. Mo mọ ẹnì kan tí nọ́ọ̀sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀. Títí ó fi kú, kò jẹun pọ̀ pẹ̀lú wọn mọ́. Ẹni tó pa á mọ́ ní ìdí tó fi pa á mọ́.

Ẹni63

Awo_Ilé, òótọ́ lẹ sọ, èmi náà ti jẹ nínú ìyà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àṣírí ń jẹ lára Mama báyìí.

Nọ́ọ̀sìÀná

Kì í ṣe dandan kí gbogbo ayé mọ̀ kí oògùn tó bá ara wọn mu. Kíníìkì wọn ti mọ̀. Ẹ kó gbogbo oògùn sínú báàgì kan, ẹ gbé e lọ bá dókítà HIV wọn, kí ó jẹ́ pé òun ni yóò máa yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Tí dókítà mìíràn bá fẹ́ kọ oògùn, Mama lè sọ pé “mo ń lo ritonavir, kò fẹ́ràn ọ̀pọ̀ oògùn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó kọ.” Dókítà á mọ ìtumọ̀ rẹ̀ o, mi ò tan yín. Àmọ́ ojúṣe rẹ̀ ni kó pa á mọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín ò sì sí níbẹ̀.

Mama ni yóò pinnu. Kí ẹ má ṣe lọ sọ ọ́ lẹ́yìn wọn.

Awo_Ilé

Mo gba ìyẹn.

Etí_Ọ̀bọ

Ọ̀rọ̀ kékeré: ẹ yẹ etí Mama wò. Bàbá mi (kò ní HIV) dá wa lágara, a ti ń pè é ní arán lẹ́yìn rẹ̀, àṣé kì í gbọ́ ìdajì ohun tí a ń sọ. Àìgbọ́ràn wà lára ohun mẹ́rìnlá tí ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ tò ní 2024 pé ó lè fa àrùn ìgbàgbé, tó sì ṣeé ṣe nǹkan sí. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, sìgá, ọtí àmujù, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìdánìkanwà náà wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sìÀná

Ẹ ṣé. Ìrẹ̀wẹ̀sì yẹn ni kí ẹ fi ìlà sí lábẹ́. Ó máa ń mú èèyàn falẹ̀ gan-an, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń gbé pẹ̀lú àṣírí yìí. Ẹ ní kí wọ́n tún yẹ fítámìn B12 wò, àti tairọ́ọ̀dù tó wà ní ọ̀fun, àti àìsàn ìbálòpọ̀ tó ń jẹ́ sífílísì (ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín, ó lè sùn sínú ara fún ọdún gbọọrọ kó tó dé ọpọlọ), pẹ̀lú kòkòrò ẹ̀dọ̀ C. Gbogbo wọn ló ní ìtọ́jú.

Ní ti iṣan ẹ̀jẹ̀, ìwádìí REPRIEVE ní 2023 fi oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kan, pitavastatin, dán 7,769 èèyàn tó ní HIV wò, ẹni ọdún 40 sí 75. Àìsàn ọkàn ńlá dín kù ní 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọkàn ni wọ́n ṣe é fún o, kì í ṣe ọpọlọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí Mama béèrè bóyá ó yẹ wọ́n.

Ohun kan tún wà tí kò wọ́pọ̀: kòkòrò lè máa pọ̀ nínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn nígbà tí kò hàn nínú ẹ̀jẹ̀. Tí wọ́n bá burú sí i láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí orí ń fọ́ wọn, tí ìrìn wọn yí padà, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Omi yẹn ni wọ́n á fà wò.

Aláròyé

Ṣé ìdánwò kan wà tí a lè fi mọ̀ nílé?

Nọ́ọ̀sìÀná

Ọ̀kan wà tí àwa nọ́ọ̀sì máa ń lò, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, Uganda àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dán an wò ní ìbẹ̀rẹ̀. A ó sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin fún ẹ pé kí o fi sọ́kàn. O ó fi ìka ìfábẹ̀là lu àtàǹpàkò kíákíá, lẹ́yìn náà o ó máa gbé ọwọ́ sórí tábìlì ní ọ̀nà mẹ́ta tó tẹ̀ léra: ìkúùkù, àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀gbẹ́ ọwọ́. Ní ìparí, ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn dà? Máàkì 12 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá gba 10 tàbí kó dín, a ó ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò tó kún. Ìyẹn nìkan ló túmọ̀ sí. Mo ti rí ẹni tó gba 9 nítorí pé làkúrègbé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà ẹ má fi dán ìyá yín wò nínú pálọ̀, kí ẹ wá máa wò wọ́n tìkà-tẹ̀gbin lẹ́yìn rẹ̀.

Àbígbẹ̀yìnÌyá (oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará mi. Mo ṣèlérí pé màá padà wá.

Mama gbà kí a gbé báàgì lọ. Èmi ò sọ ohunkóhun, àwọn fúnra wọn ni wọ́n tò ó sórí tábìlì dókítà HIV wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dókítà obìnrin náà wo diazepam, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù láti ọjọ́ yẹn, ó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kò rọrùn, Mama kì í sùn, wọ́n ń jágbe mọ́ mi. Chlorphenamine, wọ́n dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Ìpara ni wọ́n ń lò fún ara yíyún báyìí. Nígbà tó yá, wọ́n yí oògùn HIV wọn sí èyí tó ní dolutegravir, tí kò ní ritonavir nínú. B12 lọ sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n ti ń gbà á. Etí ò ní àléébù, Etí_Ọ̀bọ, a yẹ̀ ẹ́ wò.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ti padà. Ìkùukùu tó bo ojú wọn láàárọ̀ ti lọ. Wọ́n ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, wọ́n ń bá wa jiyàn, wọ́n tún mú mi pé mo ṣì owó kà. Síbẹ̀ wọn ò yára bíi tàtijọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò tó kún, onímọ̀ ọpọlọ ní ìfàlẹ̀ tó kù yẹn lè jẹ́ ti ìgbà CD4 88, wọ́n á máa tún un wò lọ́dọọdún láti mọ̀ bóyá ó dúró sójú kan.

Mo ka ọ̀rọ̀ Ẹni63 sí Mama létí. Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé ṣé bàbá yẹn ṣì ń wakọ̀.

Ẹni63

Ẹ sọ fún Mama pé rárá. Ìyàwó mi ló ń wà á, mo sì ń yọ ọ́ lẹ́nu lójú ọ̀nà pé kó rọra. Aṣọ tí wọ́n ń rán ńkọ́?

Àbígbẹ̀yìnÌyá

Wọ́n ti gbé e jáde. Ihò bọ́tìnnì ni wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dọ́gba, nítorí náà wọ́n ní kí n máa fi ìlà sí i fún àwọn kí wọ́n tó gé e. Mo ń fi ìlà sí i.

Apoògùn_Ìdákẹ́jẹ́

Dolutegravir: tí wọ́n bá ń lo kálísíọ́mù tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin, kí wọ́n má gbé e mì pọ̀ láìjẹun; tó bá jẹ́ oògùn inú kíkan, kí wọ́n má gbé e mì pọ̀ rárá, bí wọ́n tilẹ̀ jẹun. Kí wọ́n lo dolutegravir ní wákàtí méjì ṣáájú rẹ̀, tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sára báàgì yẹn.

Àbígbẹ̀yìnÌyá

Mo ti kọ ọ́. Mama ní kí n kọ ọ́ gàdàgbà, pé ojú ń dun àwọn. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú ni lóòótọ́.